Ìpè Tí Hrefna Kò Jẹ́

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, bóyá ìwọ náà ti dúró níwájú dígí láàárọ̀ yìí, tí o fa ikùn sínú, tí o yíra sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí o sì mí kanlẹ̀. Jókòó jẹ́ẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Hrefna fún ọ. Ìlú etíkun kékeré kan ní Iceland la jọ ń gbé, ilé iṣẹ́ ẹja kan náà la sì ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Hrefna sanra tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe sísanra díẹ̀ o. Kílò mẹ́rìndínláàádóje ni. Nígbà náà, bí iṣẹ́ bá ti parí, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú ló ń gbà lọ. Á bọ́ra, á wẹ̀ ní ṣáwà láàárín àwọn obìnrin yòókù, á wá lọ jókòó sínú adágún kékeré tí omi rẹ̀ gbóná, á máa pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ pé kí àwọn kúkúrú di imú wọn mú, nítorí omi á ru sókè bí òun bá ti wọlé. Ojú kò tì í rárá.

Nígbà tó yá, dókítà sọ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọjú. Ẹ̀rù bà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, lẹ́yìn náà ó ń sáré. Salóme, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló bá a bẹ̀rẹ̀. Bí yìnyín ń já, bí atẹ́gùn ń jà, Salóme á wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wọn á jọ gun òkè lọ dé ibi ògiri gìrìwò tí ìjọba mọ kí yìnyín má baà ya bo ilé wa. Nígbà tí ọdún méjì fi pé, Hrefna ti di kílò mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Ohun tó dára ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ara tí Ọlọ́run fún wa, ó yẹ ká tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbéraga wọlé. Hrefna bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ abọ́ oúnjẹ olóúnjẹ níbi tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó pariwo lójú gbogbo wa mọ́ Jóna, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, pé, "Jóna, kéèkì ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé o. Ṣé ìbejì lo fẹ́ bí ni?" A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Láti ọjọ́ náà, inú mọ́tò rẹ̀ ni Jóna ti ń dá jẹun.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ẹni tó ń bú ẹlòmíràn kò lè wo ara tirẹ̀. Ọ̀rá lọ, awọ kù. Ikùn Hrefna rọ̀ wá sílẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti tú ẹrù inú rẹ̀. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá dé ọgọ́rin kílò, ọkàn òun á balẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ọkàn kò balẹ̀. Ó ní ó di àádọ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ló ń gun ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ó fi ọ̀já rọ́bà di ikùn pinpin, ó ń pa iná kó tó wẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, kò sì yọjú sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́. Ó ní oògùn inú omi ibẹ̀ ń yún òun. Irọ́ ni.

Salóme pè é wá sí ìpàdé àdúrà wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rín ni Hrefna fi dá a lóhùn. Ó ní, "Jésù tìrẹ ò ní bá mi sáré gun òkè. Ẹsẹ̀ mi ni mo gbójú lé."

Ìgbà tó yá, jẹjẹrẹ mú Salóme. Wọ́n gbé e lọ sí olú-ìlú, wọ́n gé ọmú rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí ó padà dé, tí irun rẹ̀ ti ń hù, dókítà ní ó lè padà sínú omi. Ó wá bá Hrefna nílé, ó ń fi ìka pa ife kọfí lára, kò sì mu ún.

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè dá bọ́ra níwájú àwọn èèyàn. Bá mi lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó o ṣáà dúró tì mí."

Hrefna ní, "Ṣé ìwọ ni mo máa sọ pé rárá fún?"

Aago mẹ́rin ni wọ́n fi àdéhùn sí, nínú yàrá ìbọ́ṣọ. Hrefna ti débẹ̀ ṣáájú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sórí pẹpẹ lẹ́nu ọ̀nà bí gbogbo wa ti ń ṣe, bàtà eré sísá aláwọ̀ ọsàn kan tí kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ nílùú. Èrò rẹ̀ ni láti tètè wẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ní ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tó ń wọ inú omi láìkọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ̀ ní ìhòhò. Gudda arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ yóò dá a padà.

Ó tú ọ̀já ikùn rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì rí ara rẹ̀ nínú dígí gígùn. Àkókò náà gan-an ló gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń bọ̀. Yàrá kékeré kan ṣoṣo tó ní ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Hrefna kó aṣọ rẹ̀, ó sá wọ ibẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ìṣẹ́jú kan péré, ló wí fún ara rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn Salóme.

"Hrefna? Mo ti dé o."

Hrefna fa aṣọ bo ikùn rẹ̀. Ó gbọ́ bí Salóme ṣe ń tú bọ́tìnnì, ó dúró, ó tún ń tú. Ariwo àwọn ọmọbìnrin náà rọlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ kékeré, béèrè pé kí ló ṣe obìnrin yẹn níbẹ̀ yẹn. Ẹnì kan ní kó pa ẹnu mọ́.

"Hrefna, níbo lo wà?" Salóme tún pè. "Jọ̀ọ́, jáde wá."

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Kí ó ṣáà na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ni. Hrefna wo ikùn rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn. Ó rántí pé abẹ́ ilẹ̀kùn náà kò kan ilẹ̀, pé ènìyàn lè rí ẹsẹ̀ òun. Ó bá rọra gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì, ó sì sé èémí.

Ó gbọ́ tí Gudda ń béèrè bóyá kò sí nǹkan. Ó gbọ́ tí Salóme ní òun á padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìta pa dé. Bẹ́ẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, ọ̀já lọ́wọ́, títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú.

Nígbà tí ó délé, ó tẹ Salóme láago. Ó ní ibà ti dá òun gúnlẹ̀ láti àárọ̀, òun kò tilẹ̀ kúrò lórí ibùsùn, kó jọ̀ọ́ kó má bínú.

Salóme ní, "Mo rí bàtà ẹ lórí pẹpẹ, Hrefna. Ìdí tí mo fi ń pè ẹ́ nìyẹn."

Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Hrefna kò pé wákàtí mẹ́rin. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà, ó sáré lọ sórí òkè bí ó ti máa ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́. Eré náà kò ràn án. Nígbà tí ó padà dé, ó gun ẹ̀rọ ìwọ̀n, ó sì bá àádọ́rin kílò géérégé. Iye tó ti ń lé láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó sunkún.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Salóme kò fi jáde. Àwọn aládùúgbò ní ó ti sọ pé òun kò tún jẹ́ bọ́ra níwájú ẹnikẹ́ni mọ́ láyé òun. Hrefna mọ̀ pé ọwọ́ òun ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Ó kàn án títí, ó fẹ́ yí padà, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Salóme kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá sọ òótọ́. Mo wà nínú yàrá yẹn. Mo gbọ́ gbogbo ìpè ẹ. Mo gbẹ́sẹ̀ sókè kó o má baà rí mi." Hrefna gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ojú ló ń tì mí, Salóme. Nítorí ikùn yìí."

"Èmi wá ńkọ́? Ṣé ojú ò ti èmi ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Ìgbà náà ni Hrefna tó rí i pé fún ọdún méjì, òun kò wo ẹlòmíràn láyé yìí àfi ara òun. Àwòrán inú dígí ti di ọlọ́run òun. Òun ti fi Jóna rúbọ sí i, òun sì ti fi ọ̀rẹ́ òun náà rúbọ.

Salóme jẹ́ kó wọlé, ó fún un ní àga nínú ilé ìdáná. Ó sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta ni òun fi bá Ọlọ́run jà nítorí rẹ̀, pé òun ti pinnu láti má ṣílẹ̀kùn. Ó wá sọ ìtàn Ádámù fún un, bí ó ti fara pamọ́ sáàárín igi nítorí ìtìjú, tí Ọlọ́run tó mọ igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì tún ń pè é síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ti Jésù.

Ó ní, "Wọ́n bọ́ aṣọ lára Rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àwọn ọ̀rẹ́ Rẹ̀ sì sá, bó o ṣe sá fún mi gan-an. Ó rí wọn tí wọ́n ń sá lọ. Ó sì kú fún wọn. Tó bá lè dárí jì wọ́n, ta ni mo jẹ́ tí mi ò ní dárí jì ẹ́?"

Hrefna béèrè bóyá Ó lè gba irú òun. Salóme ní kó béèrè lọ́wọ́ Rẹ̀ fúnra rẹ̀. Hrefna kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Kò sọ nǹkan kan nípa ikùn. Ó jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀, ó jẹ́wọ́ ìgbéraga, ó dárúkọ Jóna. Ó wá ní, "Olúwa, mo wà níbí. Dárí jì mí." Àlàáfíà tí ẹ̀rọ ìwọ̀n kò fún un rí wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Jóna lójú gbogbo wa, níbi tí ó ti bú u. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tún pé, òun àti Salóme jọ bọ́ra. Àwọn kan wò wọ́n, wọ́n sì gbójú kúrò. Gudda ní kí àwọn méjèèjì fọ abíyá wọn dáadáa, pé òun kì í wo ojú ẹnikẹ́ni o. Salóme bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ wọ inú omi.

Hrefna ṣì ń sáré. Ó ń jẹun bó ti yẹ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń wọn ara rẹ̀. Awọ ikùn rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ní àárọ̀ mìíràn ìtìjú náà tún máa ń wá bá a níwájú dígí, kì í ṣe pé kò wá mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ní Olúwa kan tó ju ìyẹn lọ.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ó lè má jẹ́ ikùn ni tìrẹ. Ó lè jẹ́ àwọ̀, ó lè jẹ́ irun tó ń re, ó sì lè jẹ́ ìwà kan tí o kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. O ń sọ pé ó di ìgbà tí o bá ṣàtúnṣe ara rẹ tán kí o tó wá sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ta ló ṣèlérí ìgbà náà fún ọ? Jésù kò ní kí o kọ́kọ́ dára ná. Ó ti ru ìtìjú rẹ àti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lórí igi àgbélébùú, níbi tí kò ti sí ohun kan tó bò Ó.

Má ṣe sé èémí mọ́. Ó mọ ibi tí o wà, ìdí tí Ó fi ń pè ọ́ nìyẹn. Kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀ lónìí, jẹ́ ìpè Rẹ̀.