Ọkọ̀ Ajẹná Ìdí-Àfọ̀n

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Afòmákanlẹ̀ kanlẹ̀.

Ọkọ̀ gígùn gbọọrọ tí kò ní táyà ni. Òòfà ló ń gbé e dúró lókè òpó kọnkéré, tó fi ń sáré láti Ìlọrin dé Jẹ́bà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, tó jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú òpin ọ̀rúndún kejìlélógún, ìjì kan jà láti inú oòrùn. Kì í ṣe irú ìjì tí ń ṣí òrùlé. Ojú kò rí i, etí kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ní iyè àrọ nínú ló pa. Iyè àrọ ni wọ́n ń pe ọpọlọ tí àwọn onímọ̀ rọ sínú ẹ̀rọ, bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́. Afòmákanlẹ̀ dákẹ́ lójijì, ó sì já lulẹ̀ gbì lẹ́yìn ìlú Ìdí-Àfọ̀n. Ọlọ́run ló yọ àwọn ènìyàn, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kú. Àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ irin tí ń ru ẹrù kúnlẹ̀ sójú títì bí ẹran tí oorun gbé. Èyí tó burú jù ni pé Afúnrì náà kú. Odò gbogbo agbègbè náà ti gbẹ láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Afúnrì yìí ló ń fún ìrì lára afẹ́fẹ́, bí ìyá àgbà ti ń fún aṣọ tó fọ̀, tí òjìlélọ́ọ̀dúnrún ènìyàn fi ń rí omi mu. Omi tó kù nínú tánkì ìlú kò lè kọjá ọjọ́ mọ́kànlá.

Ọkùnrin méjì tó lágbára jù gbéra, wọ́n ní àwọn yóò fẹsẹ̀ rìn dé Jẹ́bà níbi tí odò Ọya wà. Àádọ́ta máìlì ni, ilẹ̀ gbígbóná tí kò ní ibòji kan. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan padà wá, ó pọn èkejì sẹ́yìn. Ẹni tó pọ̀n ti kú kí wọ́n tó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n rántí Morádéùn.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni Morádéùn. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún tún Afòmákanlẹ̀ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú ṣẹ́ẹ̀dì kan ní ẹ̀yìn ìlú, ó ní ẹ̀rọ mìíràn tí kò ní iyè àrọ kankan nínú: ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́, dúdú kìjikìji, tó ti lé ní igba ọdún. Omi ni wọ́n máa ń sè nínú rẹ̀, ooru omi náà ni yóò sì máa ti irin, tí irin yóò máa yí táyà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Bọ́lárìnwá, ló rí i nínú àlàpà kan ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, tí ìjàlọ ti sọ ọ́ di ilé. Wọ́n ní àwọn yóò jí i dìde. Ọdún keje iṣẹ́ náà ni Bọ́lárìnwá kú.

Àwọn ará ìlú rò pé ó parí nìyẹn. Morádéùn kò fi sílẹ̀. Ó pààrọ̀ páìpù inú ìkòkò ńlá tí omi ọkọ̀ náà ti ń hó lọ́kọ̀ọ̀kan, ogóje páìpù. Ó fi òòlù kan orí ìṣó kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí: èyí tó bá dún gbọn-in ṣì le, èyí tó bá dún pọ̀kọ̀ ti kú, á sì yọ ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Bọ́lárìnwá, ẹsẹ̀ àlejò kì í tẹ ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì yẹn. Bí ó bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Òun náà ni yóò tún dáhùn pé, "Oo," kí ó tó mú sípánà.

Ọkọ̀ náà ti parí láti ọdún méjì, ṣùgbọ́n kò tíì tọ́ iná wò. Òfin Èéfín ti wà láti ọgọ́rin ọdún: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná igi, nítorí èéfín àwọn ará àtijọ́ ló sọ ayé di ìkòkò tí a dé mọ́ ènìyàn lórí. Lọ́dọọdún ni àwọn onímọ̀ ìlú máa ń kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i. Olórí wọn, Ọ̀mọ̀wé Gbádégẹṣin, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé náà wá, tí á fi sẹ́nu ọ̀nà, tí á sì yíjú padà.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

Morádéùn ti ń la ẹnu láti dáhùn kó tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló kí ara òun. Ó gbójú sókè.

"Ìwé wo lo tún mú wá?"

"N kò mú ìwé wá, mà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ó lè rìn?"

"N kò mọ̀. Ìwọ ni o kò jẹ́ kí n mọ̀."

Gbádégẹṣin dorí kodò. Ó ní, "Ojú irin àtijọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣì wà lábẹ́ òpó títí dé Jẹ́bà. Kí ni ọkọ̀ yìí nílò?"

"Iná àti omi."

"Omi tó báwo?"

"Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó kù ní tánkì."

Ọ̀mọ̀wé wá ibi tí yóò jókòó sí. Orí àpótí irinṣẹ́ ló bà lé.

Abẹ́ òjìji Afúnrì tó ti kú ni ìlú péjọ sí lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ omi le, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi ló le jù. Kò sí igi mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ náà àfi Igbó Olóògbé. Ní ayé ìgbà náà, bí ènìyàn bá kú, wọn a gbin igi lé e láyà, igi náà ni yóò sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹbí ti ń lọ jókòó, tí wọ́n ń ròyìn ilé fún un: ta ló bímọ, ta ló kọ́lé, ta ni ara rẹ̀ kò yá. Ìyá Ẹfúnyẹmí, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ni olùtọ́jú igbó náà. Ó dìde, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé iná ló ba ayé jẹ́. Lójú mi báyìí ni wọ́n ṣe fọ́ ààrò ìyá ìyá mi. Lónìí, ẹ tún fẹ́ fi òkú wa dáná?"

"Ìyá, bí a bá jókòó síbí, igi ni àwa náà yóò dà," ni Gbádégẹṣin wí. "Ta ni yóò sì ṣẹ́ kù tí yóò bomi rin wá?"

Ìyá Ẹfúnyẹmí kọjú sí Morádéùn tó dá dúró lẹ́yìn èrò. "Ìwọ, ṣé o lè búra pé yóò rìn?"

"N kò lè búra, Ìyá. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní Morádéùn ti ya wèrè láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, wọ́n ní ẹnìkan kì í fi omi ìkẹyìn rúbọ sí irin. Màmá àgbà náà dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó wá ní:

"Ẹnikẹ́ni kò ní gé òkú ẹlòmíràn. Kí kálukú lọ gé tirẹ̀. Èmi ni n ó kọ́kọ́ gé. Ọmọ mi méjì ló wà níbẹ̀."

Kálukú lọ mú ayùn.

Igi tí ọ̀dá ti pa lóòró ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Igi Bọ́lárìnwá kò sí lára wọn. Àyin ni, ó tutù yọ̀yọ̀, nítorí ààbọ̀ omi òòjọ́ Morádéùn ló ń mu láti ọdún mẹ́fà. Àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n ní tútù ni, kò lè jó, wọ́n kọjá. Morádéùn jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n fi gíláàsì kó oòrùn jọ sórí èèpo gbígbẹ nínú ààrò ọkọ̀. Èéfín kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iná là. Àwọn tí kò rí iná rí sá sẹ́yìn. Ìyá Ẹfúnyẹmí nìkan ló súnmọ́ ọn, ó fa òórùn èéfín náà símú, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Omi hó. Ọwọ́ aago tó ń wọn agbára ooru gòkè dé ọgọ́ta, ó sì dúró síbẹ̀. Ọgọ́fà ló yẹ kó dé. Wọ́n kó igi sí i, kò lọ. Wọ́n tún kó sí i, ọwọ́ aago kàn ń gbọ̀n.

"Kí ló dé, mà?" ni Gbádégẹṣin béèrè.

Morádéùn mọ ohun tó dé. Àwọn igi gbígbẹ wọ̀nyẹn fúyẹ́, wọ́n ń jó bí ìwé. Igi líle ló yẹ, igi tí ẹyin iná rẹ̀ kì í tètè kú. Àyin márùn-ún péré ló wà nínú igbó, bí a bá sì là á wẹ́wẹ́, àyin kì í kọ iná bó tilẹ̀ tutù. Bọ́lárìnwá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó tutù. A ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la."

Irọ́ ni. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti ń yí nọ́ọ̀tì tí kò tú, tó ń nu ibi tó mọ́. Ife omi kan lóòjọ́ ni wọ́n ń pín fún ènìyàn nígbà náà. Nígbà tó di ọ̀sán, obìnrin kan pọn ìkókó wá sẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì. Ìkókó náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbẹ, kò sí omi tí yóò fi sun ún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀la náà ni àbí ọ̀tunla?" ni obìnrin náà béèrè. "Ọmú mi ti gbẹ."

Morádéùn wo ọmọ náà. Ó mú ayùn lára ògiri, ó gba ẹ̀gbẹ́ obìnrin náà kọjá lọ sí Igbó Olóògbé.

Ó fi ọwọ́ lé ara àyin náà. "Bọ́lárìnwá, mo dé," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ayùn. Igi náà le, oòrùn mú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló tó wó. Ilẹ̀ mì díẹ̀, ìyẹn ló parí ọ̀rọ̀. Nígbà tó gbójú sókè, àwọn ẹbí tó ni àyin mẹ́rin yòókù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ayùn lọ́wọ́ wọn. Ó wá sọ òtítọ́ fún wọn pé òun ti mọ̀ láti àná pé àyin ni iná náà ń fẹ́. Wọ́n lọ sídìí igi wọn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, gbogbo ìlú gun kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́fà tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ náà. Aago wọ ọgọ́fà. Morádéùn fa ọ̀pá. Táyà yí lójú kan, ó ń yọ̀, irin ń ha irin. Wọ́n da iyanrìn sí ojú irin, Morádéùn tún fa ọ̀pá. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó rìn. Fèrè rẹ̀ ké, àwọn èrò sì figbe ta pẹ̀lú rẹ̀.

Gbádégẹṣin ló ń kó igi sínú ààrò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ogójì máìlì kọjá láìsí wàhálà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń gun òkè àpáta tó ṣáájú Jẹ́bà, omi inú gíláàsì tó ń fi ìwọ̀n omi ìkòkò hàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀.

"Mà! Omi ti dé ìlà pupa!"

"Mo rí i."

"Bó bá kọjá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìkòkò yóò bú, yóò sì gbé wa lọ."

"Ẹ jẹ́ ká dúró nígbà náà!"

"Bí a bá dúró lórí òkè yìí, a kò ní gbéra mọ́. Mélòó ló kù nínú àyin?"

"Ẹyọ mẹ́ta."

"Tì í sí i."

Ó wo ẹyọ mẹ́ta náà bí wọ́n ti ń wọlé, kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ nínú wọn. Ohun kan dún kaa lókè ààrò, bí ìgbà tí àwo bá sán. Ọkọ̀ náà gùn, ó falẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó tún gùn, ó sì yọrí sókè. Odò Ọya wà nísàlẹ̀, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, ó ń dán. Wọ́n fi ìjánu rọra sọ̀ kalẹ̀ wọ Jẹ́bà.

Àwọn ará Jẹ́bà ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọ́n rí èéfín láti òkèèrè. Kálukú rí ẹni tó mọ̀ ọ́n: àbúrò ìyá, àna, ọ̀rẹ́. Wọ́n fún ìkókó náà lómi. Kò sí ẹni tó wá pàdé Morádéùn. Òun wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rí i pé òkè ààrò ti sán láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò ní rìn mọ́ láé. Ìlú pẹ̀lú ti pinnu: wọn kò ní padà sí Ìdí-Àfọ̀n mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá, pẹ̀lú igbá, abọ́ àti àpò. Eérú ni wọ́n wá gbà. Morádéùn ṣí ààrò, ó fi ọwọ́ kó o. Igi mẹ́tàlélógójì ti di ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ pé bàbá òun rèé, tàbí ọmọ òun rèé. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Gbádégẹṣin gba ti ìyá rẹ̀, ó wólẹ̀ fún Morádéùn. Ìyá Ẹfúnyẹmí ló gbà kẹ́yìn. Ó wo inú ààrò, ó rí i pé ó ti mọ́ tónítóní.

"Tìrẹ dà, Morádéùn?"

"Ó ti tán, Ìyá."

Màmá àgbà náà di abọ́ rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ní kí ó gba díẹ̀ nínú ti òun, Morádéùn mi orí, ó ní ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, kò pọ̀ jù. Láti etí odò, ẹ̀rín ń ta sókè. Àwọn ará Ìdí-Àfọ̀n ń wẹ̀, àwọn mìíràn kò tíì rí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé wọn.

"Ó dáa," ni Ìyá wí. Ó wo apá Morádéùn tó funfun fún eérú títí dé ìgúnpá. "Omi pọ̀ lónìí. Lọ wẹ ọwọ́ rẹ."

"Mo ń bọ̀, Ìyá. Ẹ máa lọ ná."

Nígbà tí ìyá àgbà náà ti lọ, Morádéùn jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè kí aṣọ má baà nu eérú náà, ó sì ṣọ́ra kí atẹ́gùn odò má fẹ́ ẹ lọ.