Kaba Kan Ṣoṣo Nínú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀. Àárọ̀ Sátidé ni, nínú yàrá ìfọṣọ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò nísàlẹ̀ ilé. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá lókè dúró lẹ́nu ọ̀nà, agbọ̀n aṣọ ń bẹ lápá rẹ̀. Ó yọjú wo gíláàsì ẹ̀rọ: kaba aláwọ̀ ìyeyè kan ṣoṣo ló ń yí nínú omi, apá rẹ̀ ń nà bí ẹni ń juwọ́.

"Ẹ má bínú, ó kù díẹ̀ kó parí."

"Kí ló kù díẹ̀? Aṣọ, àbí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń bá a sọ?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yára kú. "Aṣọ ìyàwó mi ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú."

"Kí wá lẹ̀ ń fọ̀ lára ohun tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀?"

"Ó ń dọ̀tí ni."

Òótọ́ ni. Ní Sátidé kejì, ó fi ọrùn kaba náà hàn án: òógùn tútù, àti páúdà.

Ẹlòmíì ì bá fẹsẹ̀ fẹ. Tiwa yìí ò lọ. Iṣẹ́ ìdìwé ni ọkùnrin náà ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í yéé rùn gọ́ọ̀mù, ó sì mọ aṣọ ibùsùn ká: kálukú á di etí kan mú, wọ́n á máa sún mọ́ra títí ìka á fi kan ìka. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ká aṣọ báyìí kí ọkùnrin náà tó sọ ọ́ jáde:

"Ayọ̀ mi, fẹ́ mi."

"Ká ní mo gbà, èèyàn mélòó la máa jẹ́ nínú ilé yẹn?"



Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì náà obìnrin ní tirẹ̀ ò rora sọ̀rọ̀: "Orí ẹ pé ṣá? Òkú lo fẹ́ bá du ọkọ! Di ẹrù ẹ, kó o máa bọ̀ nílé mi!"

Nọ́ọ̀sì náà di ẹrù. Ó ku aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun nìkan, ó sì dá a fọ̀ nínú ẹ̀rọ. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, kaba ìyeyè wà níbẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì wé mọ́ aṣọ funfun náà pinpin.

Igbe rẹ̀ ló gbé ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. "Inú àpótí ni mo tì í mọ́! Kọ́kọ́rọ́ rèé!" Ó fa sísọ́ọ̀sì yọ. "Jẹ́ n gé e."

"Fọwọ́ ẹ sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù. "Ẹ káàárọ̀, ìyálé mi. Ẹ foríjì mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wọlé yín tí mò ń jáde, mi ò kí yín rí. Mi ò wá lé yín. Ẹ kàn sún díẹ̀ fún mi ni."

Apá kan tú. Ó pẹ́ díẹ̀, èkejì tú, ó rọra ṣubú bí ọwọ́ ẹni tó sùn lọ.

Ọkùnrin náà fara ti ògiri. "Kí... kí lo pè é?"

"O gbọ́ mi dáadáa. Àbí ẹni tí ò lọ́kọ máa ń ní ìyálé ni?"