Àlejò Ọ̀pá Ọ̀tún

Ọ̀pá òsì nìkan ni Ayọ̀rìndé ti tún ṣe, àmọ́ ọ̀pá ọ̀tún ló kọ́kọ́ mì.

Fọláwùnmí, ìyàwó rẹ̀, fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ń gbálẹ̀ pálọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń kùn, nítorí ta ni kò ní kùn? Ọkùnrin fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, dípò kó dá oko ẹ̀gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ gbé géèmù àlòkù wálé láti òtẹ́ẹ̀lì kan tó ti kógbá wọlé lọ́nà Ìgèdè. Géèmù ayé àtijọ́ ni, irú èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n máa ń sọ kọ́bọ̀ sí nínú kí ojú rẹ̀ tó tàn. Ẹni méjì ló ń dúró níwájú rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ọ̀pá kékeré tirẹ̀, tí wọ́n á máa fi mọ́tò inú rẹ̀ sáré ìje. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Eku ti bímọ sínú rẹ̀. Ó ń rùn bí àpò ìrẹsì tí òjò pa.

"Bàbá Bùsáyọ̀, pósí lẹ rà ni àbí kí ni?"

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n ò rówó gbá a," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí n jayé díẹ̀, Wùnmí. Mi ò fẹ́ obìnrin lé ọ."

"Ì bá tiẹ̀ jẹ́ obìnrin, màá mọ ibi tí màá ti mú un."

Àwàdà nìyẹn nígbà náà. Ọkùnrin náà fi sáńpépà ha pákó, ó pààrọ̀ èyí tó jẹrà, ó ń fi léèdì gbígbóná lẹ wáyà mọ́ wáyà títí ilé fi ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ.

Ọ̀sán gangan ni iná wọ inú rẹ̀. Ojú géèmù tàn, ó ní àwọ̀ bí omi adágún. Ayọ̀rìndé ti orí bọ ẹ̀yìn àpótí náà, ó ń so wáyà ìkẹyìn. Ẹnìkan sì kí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú uṣẹ́ o."

Ohùn àgbàlagbà ni, Èkìtì ponbele.

"Oo, ẹ ṣeun o! Ẹ wá bá wa gbá a."

Ta ni a bí síhìn-ín tí kò mọ ìyẹn? Ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tó ń jẹun á ní kí ẹ wá jẹun, ẹ̀yin náà á ní á gba ibi ire, ẹ ó sì bá tiyín lọ. Ẹni tó bá fa àga sún mọ́ àwo lójú ẹsẹ̀, yálà kò gba ẹ̀kọ́ ilé, tàbí kó má ti ilé kankan wá.

"Mo dúpẹ́," ni ohùn náà wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan pè mí."

Fọláwùnmí yọjú láti ilé ìdáná. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́tìnì kò tilẹ̀ mì.

"Ta lẹ pè wọlé?"

"Ẹni tó ń kọjá ni."

"Ẹni tó ń kọjá ọ̀hún dà?"

Ayọ̀rìndé yọ orí jáde, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti kúrò nídìí géèmù mọ́. Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wọn tó ń ta ẹ̀wà l'Ọ́jà Ọba, wá yá ìkòkò. Ó dé pálọ̀, ó fẹ̀yìn rìn jáde.

"Ìyá Bùsáyọ̀," ó rọ ohùn sílẹ̀, "àlejò yín kì í dáhùn ìkíni ni?"

"Àlejò wo?"

"Èyí tó dúró lápá ọ̀tún ọkọ yín. Àbúrò wọn ni, àbí? Ìpàkọ́ wọn jọra."

Fọláwùnmí wo pálọ̀. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ọ̀tún ń yí, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń wọlé, ó ń jáde, bí ìgbà tí ìka kan ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ayọ̀rìndé jáde nílé, ó dúró lójú títì, kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tí wọ́n ti so òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ọmọ wọn pè láti Àkúrẹ́, ó gbé fóònù kúrò létí, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ta ló ń jẹ́ Olúwabùsáyọ̀?"

Fọláwùnmí lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ dìde níbẹ̀ yẹn!"

Kò yíjú padà. "Bí mo bá borí, á lọ," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Bó bá borí, á mú nǹkan."

"Kí ló ti mú?"

"N ò rántí."

"Kí ló wá kù?"

"Èmi."

Mọ́tò méjì ń sáré lójú gíláàsì, èyí ti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débi ìparí. Àwọn kan á ní kí Fọláwùnmí kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ó ti gbàdúrà títí orúnkún rẹ̀ fi bó. Ó fa wáyà iná géèmù náà yọ lára ògiri.

Ojú géèmù kú. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dúró níwájú rẹ̀, apá ọ̀tún ló sì dúró sí. Ó yíjú padà pẹ̀lú ojú Ayọ̀rìndé, ó lọ jókòó sídìí tábìlì, ó ki ọwọ́ bọ iyán tó wà níbẹ̀ láìṣe àmì àgbélébùú.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹun kẹ́yìn," ó ní.

Àkàrà ni Ayọ̀rìndé jẹ láàárọ̀.

Wáyà ṣì wà lọ́wọ́ Fọláwùnmí nígbà tí ẹnìkan pè é láti ẹ̀yìn gíláàsì tó ti kú náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Wùnmí."

A kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn. Pàṣán ni ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọkùnrin náà dáwọ́ oúnjẹ dúró. "Dá a lóhùn," ó ní, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Àyè tèmi ti ṣófo níbẹ̀, nídìí ọ̀pá ọ̀tún."

"Wùnmí, ṣé o wà níbẹ̀?"

Ó mọ̀ pé ẹ̀bìtì ni. Ó mọ̀ pé ọkọ òun náà ni. Ó fi wáyà sílẹ̀.

"Ẹ̀n, Bàbá Bùsáyọ̀," ó ní. "Mo ń gbọ́ yín."

Ọkùnrin ìdí tábìlì fa àwo iyán sún mọ́ra, ó ń jẹun lọ.