Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Lọ sí Àjàgbà Lórí Ọ̀pẹ

Ọjọ́ tí Màmá Dora kọ́ wa nípa ẹ̀dọ̀ àti ìfun, adìẹ ni wọ́n fi kọ́ wa, a sì jẹ ẹ̀kọ́ náà mọ́ eegun. Nọ́ọ̀sì ni Màmá Dora. Wọ́n tẹ́ adìẹ sórí tábìlì, wọ́n fi ọ̀bẹ là á, wọ́n ń nàka sí inú rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ẹ̀dọ̀, mà!"

"Èyí ńkọ́?"

"Ọkàn, mà!"

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀kọ́ ti wà nínú ìkòkò, ó ń hó. Òórùn rẹ̀ lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ajá mẹ́rìndínlógún fi sáré wá láti gbogbo ilẹ̀ Osooro, wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì wa.

Ìlútítun la wà, ní ọdún 1993. Àwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀ pẹ́ débi pé koríko pápá ilé ìwé wa ga ju òrùlé ilé ìwé lọ, ìdánwò àṣekágbá wa sì ń bọ̀. Ni òbí mẹ́jọ bá para pọ̀, wọ́n ní àwọn ò lè máa wo ọmọ àwọn kó máa ṣe bí ìgbín kiri ìlú. Ẹ̀yìnkùlé Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì la fi ṣe kíláàsì. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n, àwọn ló ń kọ́ wa ní ìṣirò. Ilẹ̀kùn àlòkù kan tí wọ́n fi èédú kùn ni pátákó wa. Òfin kan ṣoṣo ni àwọn òbí ṣe: kí olúkúlùkù kọ́ wa ní ohun tó mọ̀, lọ́jọ́ tó bá kàn án. Òbí tó bá pa ọjọ́ tirẹ̀ jẹ, ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ wá mọ́.

Eegun adìẹ ṣì wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà nígbà tí Dora yíjú sí mi. "Dominic, bàbá tìrẹ ló kàn ní Fráìdè tó ń bọ̀. Kí ni wọ́n máa kọ́ wa?"

Kí n tó dáhùn, Vincent ti gba ọ̀rọ̀ náà. "Ṣé o ò mọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni? Akọ̀pẹ ni wọ́n! Wọ́n á kọ́ wa bí ọ̀bọ ṣe ń gun igi. Kí kálukú má gbàgbé ìrù rẹ̀ sílé o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àgbọn mẹ́ta fi já bọ́ lára igi. Èmi tí mò ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tí mo so agogo mọ́ ọrùn ewúrẹ́ pásítọ̀ tó fi wọ ilé ìjọsìn lásìkò àdúrà, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ máa ń ta ni. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

Bàbá mi ò mọ nǹkan kan. Láti Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń dá ewúrẹ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìnkùlé. "Ìwọ onírùngbọ̀n, ṣé ó yé ọ?" Ewúrẹ́ á ní "Mẹ̀ẹ̀!" Wọ́n á ní, "O káre!" Wọ́n fọ ṣòkòtò tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ̀ ọ́ títí, eṣinṣin tó bà lé e yọ̀, ó ṣubú, ó fi itan dá. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Dominic, ṣé kí tísà tó jókòó ló máa ń kí àwọn ọmọ ni, àbí tó bá jókòó tán?"

Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn dá mi lọ́wọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Vincent ṣì ń dún létí mi. Mo ní, "Bàbá, kò sí kíláàsì lọ́la mọ́. Ọ̀gá Ọláwuyì ti lọ sí Àkúrẹ́."

"Hẹn-ẹn," ni wọ́n wí. Wọ́n ká ṣòkòtò náà, wọ́n dá a padà sínú àpótí.

Ilẹ̀ ọjọ́ Fráìdè mọ́. A pé sí kíláàsì, Màmá Dora náà jókòó láti gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì bojú wo ẹ̀yìn mi.

"Dominic, bàbá rẹ dà?"

"Wọ́n lọ sí Àjàgbà, sà. Ìsìnkú ni."

"Láìránṣẹ́ sí wa?"

Ẹni tó bá mọ irọ́ pa á mọ ibi tó yẹ kó dúró. Èmi ò mọ̀ ọ́n. "Ìsìnkú òjijì ni, sà! Ogójì màlúù ni wọ́n fẹ́ pa! Òkú náà ti lé ní igba ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló hu eyín tuntun! Bàbá mi ni wọ́n ní kí wọ́n gbé orí pósí, láìsí wọn, pósí ò lè kúrò nílẹ̀!"

"Dominic! Ta ló lọ sí Àjàgbà?"

Òkè ni ohùn náà ti wá. Gbogbo wa gbójú sókè. Lórí ọ̀pẹ kan tó wà ní òdìkejì ọgbà, bàbá mi fẹ̀yìn ti igbà, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, àdá wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wò wá láàárín imọ̀ ọ̀pẹ. Mo ti ní kò sí kíláàsì, ni wọ́n bá gba iṣẹ́ wọn lọ ní tiwọn. Wọ́n ti wà lókè kí a tó dé. Ọ̀pẹ náà ga débi pé ẹyẹ tó bá fẹ́ bà lé e á kọ́kọ́ sinmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà, síbẹ̀ gbogbo irọ́ mi gun un dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Bàbá Dominic," ni Màmá Dora wí, "ẹ kú àbọ̀ Àjàgbà o!"

Ẹ̀rín bú. Bàbá mi rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rí wọn tí oyin ń lé wọn rí, wọ́n yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dé iwájú wa, ìdọ̀tí ọ̀pẹ kún orí wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì àti Màmá Dora, wọ́n sì tẹ orí ba.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èmi ni mo gbàgbé ọjọ́. Ọmọ yìí kàn ń wá bó ṣe máa bò mí láṣìírí ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì mí kanlẹ̀. "Bó bá jẹ́ pé ẹ gbàgbé ni, ẹ mọ òfin wa. Dominic ò lè wá mọ́ nìyẹn. Ìdánwò sì ku oṣù méjì."

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí. "Àmọ́ ẹ fi ìyà náà jẹ mí, ẹ má fi jẹ ọmọ. Agbára mi ò ká ìwé láti kọ́ ọ nílé."

Mo lè dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n lè ṣàánú mi, bàbá mi á sì di ẹni tí kò ka ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sí. Àyà mi ń lù débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ ní Okitipupa. Mo dìde.

"Wọn ò gbàgbé, sà. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kò sí kíláàsì. Láti Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń múra. Ewúrẹ́ wa gan-an ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà tán. Iṣẹ́ wọn ló ń tì mí lójú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Vincent ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń kà á.

Àwọn òbí méjèèjì yẹra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n padà dé. Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí bàbá mi sì wá kọ́ni ní Fráìdè tó ń bọ̀.

Màmá Dora ló kọ́kọ́ rí ibi tí ìdájọ́ náà ti dùn mí. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wá lọ́jọ́ Fráìdè yẹn nìkan, kó gbọ́ ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀."

Bàbá mi mi orí. Wọn ò bínú, ohùn wọn tutù ni. "Rárá, mà. Ó ní kí n má wá. Èmi náà ní kó má wá."

Ní Fráìdè yẹn, wọ́n wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀. Èmi wà nílé, mò ń bó ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi fẹ́ fi ṣe pupuru. Ní aago mẹ́sàn-án, mo gbọ́ ẹ̀rín láti ilé Ọláwuyì. Ní aago mẹ́wàá, ẹ̀rín náà mi igi orógbó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, bí ìgbà tí gbogbo ènìyàn dẹ etí, ẹ̀rín sì tún bú. Ọ̀sán pọ́n, wọn ò jáde jẹun. Aago mẹ́ta kọjá kí bàbá mi tó dé. Vincent ló gbé igbà kọ́ èjìká tẹ̀lé wọn, ó ń pè wọ́n ní "Tísà, Tísà", ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n wọlé.

Mo sáré lọ bá Dora pé kó yá mi ní ìwé rẹ̀. Ìlà méjì péré ló wà níbẹ̀, ọjọ́ àti orúkọ bàbá mi. "Ẹ̀rín ò jẹ́ n kọ ọ́," ni ó wí. "Nígbà tí ẹ̀rín sì tán, mi ò fẹ́ gbójú kúrò lára wọn."

Mo padà sílé, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ́ wọn?"

Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. Wọ́n bu pupuru tiwọn sínú àwo mi, wọ́n fi ẹja lé e. "Jẹun, ọmọ mi. Ohun tí mo bá wọn sọ, mo ti bá wọn sọ ọ́."

Wọn ò sì sọ ọ́ fún mi títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀.

Mo padà sí kíláàsì, mo ṣe ìdánwò. Mo yege nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún, ìṣirò ní òun ò mọ̀ mí rí. Títí di òní, bí àwa ọmọ kíláàsì náà bá pàdé, wọ́n á ní, "Ẹ rántí ohun tí Bàbá Dominic sọ lọ́jọ́ yẹn?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ojú àwọn mìíràn á sì lómi. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mi ò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ni bàbá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé ìwé, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ń tì lójú, àwọn ará ìta ni yóò jogún ọgbọ́n òbí náà.