Ẹni Tó Wọ Orúkọ Mi

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á ṣòro láti gbà gbọ́. Èmi gan-an ì bá má gbà á, ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń fi irọ́ ṣeré, mo sì bẹ̀rù Ọlọ́run tí mo ń sìn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Ibi tí kò yé mi, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yẹn dé, wọ́n pín ilé ìwòsàn wa sí méjì. Apá kan jẹ́ ti àwọn tí àrùn náà mú. Apá kejì jẹ́ ti àwọn aláboyún àti àwọn ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn alárùn kò gbọdọ̀ kọjá ìlà yẹn. Ẹnu ọ̀nà wa yàtọ̀, omi wa yàtọ̀, ìgbálẹ̀ wa pàápàá yàtọ̀.

Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú ti apá àwọn aláboyún pa. Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa, kọ̀.

Ó ní, "Ṣé oyún máa ń gbọ́ pé àrùn wà níta ni? Ẹ ní kó dúró díẹ̀, ká wò ó."

A bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan péré bá ti ọ̀hún kọjá síbí, mo máa tì í pa lọ́jọ́ náà. Kí kálukú lọ máa bímọ nílé ẹ̀."

Èmi ń fọ ilẹ̀, mo ń fọ bàtà, mo sì ń po omi apakòkòrò lọ́dọ̀ àwọn alárùn. Ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní òdìkejì ìlà. Oyún tó fi omijé wá fún ọdún púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ lọ sílé títí yóò fi bí i. Lójoojúmọ́, mo máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, òun náà á yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn wọn. A ó máa wo ara wa. Mo máa ń juwọ́ sí i. Bó bá fẹ́ padà wọlé, àwọn nọ́ọ̀sì tí kò bí i ló ń dì í lápá mú. Mo ń jowú wọn. Mo bẹ Ọlọ́run kó gba owú yẹn lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti ṣe àmín tán, mo tún ń jowú.

Nínú aṣọ funfun tí à ń wọ̀ wọlé, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹnì kejì rẹ̀. Aṣọ bo èèyàn látorí délẹ̀, ìbòmú bo imú àti ẹnu, awò ńlá bo ojú. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi máàkà kọ orúkọ sí àyà àti ẹ̀yìn. Tèmi ni ÌYÁ PẸ̀LẸ́, nítorí pé "pẹ̀lẹ́" kì í wọ́n lẹ́nu mi. Ọwọ́ mi kò dán nínú ìwé kíkọ. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn máa ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ ni.

Bíbọ́ aṣọ yẹn léwu ju wíwọ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í dá a bọ́. Ẹnì kejì rẹ á dúró níwájú rẹ, á máa pè é fún ọ: fọ ọwọ́, bọ́ ìbọ̀wọ́, fọ ọwọ́, bọ́ awò. Kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ títí ojú rẹ á fi hàn. Adúmáadán ni ẹnì kejì mi, ọmọbìnrin dúdú kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ìyá Pẹ̀lẹ́, ẹ rọra o. Bí ẹ bá fọwọ́ kan imú pẹ́nrẹ́n, èmi ni mo máa fẹ́ bàbá ilé yín."

"Máa gbé e lọ. Ó ń hanrun."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ti kọ orúkọ mi sára aṣọ tuntun, n kò tíì wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò ké níwájú orí mi. Ó tún ké. Àwàdà kúrò lẹ́nu Adúmáadán. Mo fi aṣọ náà kọ́ sórí ìṣó mi, wọ́n sì mú mi lọ sí yàrá àdádó tó wà lẹ́yìn ọgbà, kí n máa retí èsì àyẹ̀wò.

Ibùsùn kan ló wà níbẹ̀, àga kan, fèrèsé kan. Fèrèsé náà kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ń rí ìlà pupa láti orí ibùsùn. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìgbà tí àrùn bá wọ̀lú lèèyàn ń mọ bí ọ̀sán ṣe lè dákẹ́ tó. Ẹ̀rọ tó ń fa omi nìkan ló ń dún. Òun náà dákẹ́.

Mo wá gbọ́ bàtà rọ́bà. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan nínú aṣọ funfun ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ́yìn sí mi. Mo ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. ÌYÁ PẸ̀LẸ́. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn wọ́ lọ sísàlẹ̀.

Ó dé ìdí ìlà. Kò dúró. Ó kọjá.

Mo gbá fèrèsé. Kò wẹ̀yìn. Mo pe Mátírọ́ọ̀nù lórí fóònù.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹnì kan ti kọjá ìlà."

"Ta ni?"

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. "Èmi ni."

Ó ní, "Ìyá Pẹ̀lẹ́, ṣé ẹ ti lo oògùn ibà yín?"

"Mo ti lò ó, mà."

"Ẹnu ọ̀nà wọn níbí ni mo jókòó sí láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ẹ lọ sùn."

Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi pè.

"Màmá, ẹ ṣé o. Ẹ máa jèrè mi."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ tún ń díbọ́n. Ó yé mi, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí látọjọ́ yìí, ọwọ́ tí ẹ fi ra á yẹn, ó ti fò lọ. Ọwọ́ yín tutù, Màmá. Ó tutù dáadáa. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí báyẹn rí."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án báyẹn rí. Èmi tí mo fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n ọ́n. Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́, tí mo na apá rẹ̀, tí mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, kí egungun rẹ̀ lè le.

"Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

"Ta ni?"

"Mo ní ṣé mo sọ̀rọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Orin yẹn ṣáà lẹ ń kọ nínú imú."

N kì í kọrin nínú imú. Ẹ̀rù ló yẹ kó bà mí. Owú ni mo jẹ. Ó ta mí lọ́fun bí ata.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi pe Adúmáadán lórí fóònù.

"Ta ló wọ aṣọ mi?"

"Aṣọ wo? Ṣebí ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́. Ṣebí èmi ni mo dúró tì yín nígbà tí ẹ ń bọ́ ọ lánàá. Mo rò pé èsì yín ti jáde ni."

"O rí ojú mi?"

Mo gbọ́ tó ń ti ilẹ̀kùn.

"Adúmáadán. Ṣé o rí ojú mi?"

"Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́. Ẹ fọ ọwọ́. Mo ní kí ẹ bọ́ awò." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹnì kan wá pè mí lẹ́yìn. Mo bá wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Nígbà tí mo máa fi kọjú padà, ẹ ti lọ. Aṣọ yín wà lórí ìṣó."

Aṣọ tí a bá ti wọ̀, inú iná ló ń lọ. Kì í padà sórí ìṣó.

"Ta ló pè ọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ohùn yín ni."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọjá lọ́sọ̀ọ̀sán. Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi á pè mí, á máa dúpẹ́. Bí mo bá ní èmi kọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru, ọmọ inú rẹ̀ sì lè bá a lọ. Nítorí náà, mo ń dáhùn pé, "Kò tọ́pẹ́." Mo ń gba ọpẹ́ ẹlòmíràn lẹ́nu ọmọ tí mo bí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, Olúwa, bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Rẹ ló ti wá, kí ló dé tí kì í ṣe èmi lo rán? Bí kì í bá ṣe ọ̀dọ̀ Rẹ, lé e. N kò lè ṣe àmín sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ara ọmọ mi ń yá.

Èsì mi jáde. Ibà lásán ni. Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló wá ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ jáde kíá. Ọmọ yín ń rọbí. Ẹ ò tíì padà dé ọ̀dọ̀ àwọn alárùn, ẹ lè kọjá."

Mo fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Mo wọ ìbòmú tuntun. Mo kọjá ìlà náà. A kò tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn tí mo fi gbọ́ igbe ọmọ. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ti gbé.

Nọ́ọ̀sì kẹ́yìn sí wa, ó ń tọ́jú ọmọ mi. Lẹ́bàá fèrèsé, ẹni aláṣọ funfun dúró. Ó gbé ọmọ tuntun náà dání.

Mátírọ́ọ̀nù pariwo mọ́ ọn. "Ìyá Pẹ̀lẹ́! Ta ló ní kí ẹ..."

Ó wò ó. Ó yíjú wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú bí ọmọdé.

Ẹni náà tẹ́ ọmọ sínú ibùsùn rẹ̀, ó rọra tẹ́ ẹ. Ó wá sọ́dọ̀ wa. Bí a bá wọ awò yẹn, èémí wa máa ń bò ó bí ìrì, a kì í fẹ́ẹ̀ ríran. Tirẹ̀ mọ́ kedere. Kò sí èémí lára rẹ̀. Mo wo inú rẹ̀. Ojú ara mi ni mo rí. Bóyá òjìji mi nínú dígí ni. N kò mọ̀.

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́."

Èmi ló sọ ọ́ fún. Ó gba àárín wa kọjá. A gbọ́ bàtà rọ́bà títí dé ìdí ìlà, a kò sì gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí a dé yàrá ìbọ́ṣọ, aṣọ mi wà lórí ìṣó. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a nínú ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí. Bàtà mi wà nínú agbada omi apakòkòrò. Omi náà ṣì ń mì.

"Kí lẹ rí?" Mátírọ́ọ̀nù ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí ẹ rí náà ni mo rí, mà."

Ó ń gbọ́ ohùn àwọn aláboyún láti òdìkejì. Ẹnì kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó ti ṣèlérí bí ẹnì kan bá kọjá.

Ó ní, "Mi ò ní tì í. Bí mo bá tì í, ibo ni wọ́n máa gbé ikùn yẹn lọ?" Lẹ́yìn náà ló wá rọ ohùn. "Ẹ má sọ fún ọmọ yín. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tíì wálẹ̀."

Ó ń yẹ gbogbo wọn wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Àrùn kò mú ẹnì kankan. A dáná sun aṣọ náà. Kò yọ èéfín.

Àrùn ti lọ báyìí. Wọ́n ti ha ìlà pupa kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fọ ibẹ̀, omi mi ṣì máa ń pọ́n díẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ti ń rìn. Ẹ̀yìn ṣì máa ń dun ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi fọwọ́ ra á bíi tọjọ́ yẹn."

Mo máa ń kọ́kọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Mo máa ń ki ọwọ́ bọ omi tútù, títí ìka mi á fi kú tipiri. Mo wá ń fi ra á lẹ́yìn. Ó máa ń dijú, ó máa ń dúró, bí ẹni tó ń retí àlejò.

"Kò tíì tó, Màmá. Tọjọ́ yẹn tutù ju báyìí lọ."

Nínú yàrá kejì, ọmọ-ọmọ mi ń kọrin nínú imú. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ.