Àlòkù Nínú Páálí Tuntun

Láti ìgbà tí Gbénró Oyèbámijí ti ń ru irin lórí ní Owódé Onírin ló ti fẹ́ràn àga tó rọ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá ìgbafẹ́ àwọn ọlọ́lá ní pápákọ̀ òfuurufú, ó fẹ̀yìn tì bí ọba. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lára, míìtì páì wà lórí àwo níwájú rẹ̀. Ó ya fọ́tò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà, kí ara lè ta wọ́n díẹ̀.

Akínbíyì ló jókòó tì í. Ìsọ̀ wọn fara kanra lọ́jà, ẹ̀yà ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì ń tà, Ṣáínà ni wọ́n sì jọ ń lọ. Ọdún mẹ́fà ni Akínbíyì ti ń bá Gbénró sọ̀rọ̀ Jesu, ọdún mẹ́fà náà ni Gbénró sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Pásítọ̀ mi," ni Gbénró wí, "ṣó o rí i? Èmi tí n kì í wá sí fellowship, ibi kan náà la jọ jókòó sí."

Akínbíyì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìjókòó ò burú. Ibi tó ò ń lọ tí ayé bá tán ni mò ń bi ẹ́."

"Guangzhou ni mò ń lọ, ọ̀gbẹ́ni. Jẹ́ n jẹ míìtì páì mi."

Jẹ́ kí n sọ ohun tí Akínbíyì kò mọ̀ fún ọ. Gbénró a máa ra páàdì bíréèkì tó ti jẹ tán lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. A fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú mìíràn mọ́ ọn, a kùn ún lọ́dà dúdú, a kó o sínú páálí tuntun, a sì gbé e sórí pẹpẹ òkè fún títà. Abẹ́ káńtà ni ojúlówó máa ń wà, fún ìyàwó, ọmọ àti ìbátan. Bí ọkọ̀ ará ilé bá fẹ́ pààrọ̀ páàdì, òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ mú un. Kò sọ àṣírí yìí fún ẹnikẹ́ni, kódà fún Sẹ̀kínát, obìnrin tó ń bá a tajà. Ọgbọ́n ló pè é.

Àwọn àgbà ní kí ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìkà má gbẹ́ ẹ jìn. Gbénró ti gbẹ́ tirẹ̀ jìn.

Fóònù rẹ̀ dún. Sẹ̀kínát ni. "Ọ̀gá, safe journey o. Bọ̀dá Muideen wá mú páàdì láàárọ̀, wọ́n ní ti ọkọ̀ Mummy ti jẹ. Mo fún wọn ní èyí tó wà lókè."

Míìtì páì já bọ́ lọ́wọ́ Gbénró. Muideen ni awakọ̀ wọn. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá, òun náà ló sì ń gbé Àpínkẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti Fẹ́rànmí, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́jọ, padà sí Kétu báyìí. Gbénró mọ gọ́ọ̀mù yẹn dáadáa. Bó bá ti gbóná, kì í pẹ́ tó fi ń ṣí.

Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Àpínkẹ́, ẹ dúró! Níbo lẹ dé?"

"A ti kọjá Gbàgádà. Kí ló dé, Daddy Fẹ́rànmí? Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

Irọ́ ti wà létè rẹ̀ kó tó ronú. "Bẹ́ẹ̀ ni. Pásípọ́ọ̀tù mi."

"Pásípọ́ọ̀tù kẹ̀? Ṣebí ẹ ti wọlé! Ẹ wo inú àpò yín dáadáa jàre. Muideen, máa lọ, òjò ti ṣú."

Gbénró yíjú sí Akínbíyì. "Bá mi gbàdúrà. Páàdì tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wọn, àlòkù ni. Èmi ni mo kùn ún."

Akínbíyì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Sọ òótọ́ fún ìyàwó ẹ ná. A máa gbàdúrà."

Àwọn èèyàn ńlá ńlá ló wà nínú yàrá náà. Ojú ti Gbénró, àmọ́ ó pariwo sínú fóònù: "Àpínkẹ́, irọ́ ni mo pa! Páàdì yẹn kì í ṣe tuntun. Àlòkù ni mò ń kùn tà fún àwọn èèyàn. Ní kí Muideen rọra fi gíà dá ọkọ̀ dúró!"

Ó gbọ́ ohùn Muideen lọ́hùn-ún: "Mummy, bíréèkì ò mú mọ́ o!" Ó gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fóònù gé.

Wọ́n ń pe àwọn èrò tó ń lọ sí Ṣáínà. Gbénró kò gbọ́ ọ. Ó ti kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, Akínbíyì kúnlẹ̀ tì í. "Jesu, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí," ó ń sunkún. "Mo ta ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì bìkítà. Ṣàánú mi. Gbà mí."

Ó pẹ́ kí fóònù tó dún. "A ò kú," ni Àpínkẹ́ wí. "Muideen ti ń fi gíà fà á tẹ́lẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Ara ìdènà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló fi ọkọ̀ ha títí tó fi dúró. Fẹ́rànmí forí gbá, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀." Ó wá béèrè: "Daddy Fẹ́rànmí, àwọn tó ra tiwọn lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

Gbénró gbé àpò rẹ̀, ó sì jáde, Akínbíyì tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ òfuurufú gbéra láìsí òun àti Akínbíyì nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n jọ tú pẹpẹ òkè palẹ̀. Gbénró bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bú u, àwọn kan gbé ọkọ̀ wọn wá. Sherifdeen nìkan ni kò gbé fóònù, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ iléèwé ní Ajégúnlẹ̀. Gbénró wá a lọ síbẹ̀, wọ́n ní ó ti kó lọ, wọn kò mọ ibi tó wà. Kristi ti dárí jì í, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Síbẹ̀, àràárọ̀ ló ń pe nọ́ńbà yẹn, kò sì tíì sẹ́ni tó gbé e.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí ni ohun tí ìwọ náà ń bò mọ́lẹ̀, tó o pè ní ọgbọ́n? Ọlọ́run ti rí i. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí o kò ní rí mọ́ láéláé láti bẹ̀. Ṣùgbọ́n Jesu tó kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà wà nítòsí rẹ nísinsìnyí, yóò sì gbọ́ ọ. Má ṣe dúró di ìgbà tí ọmọ rẹ yóò ké kí o tó sọ òótọ́. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn, kí o sì sọ ọ́ fún un lónìí.