Àṣẹ Géèmù Kan, Oníbàárà Méjì

Òdì ni ọmọge aránṣọ kan di páàdì géèmù mú nígbà tí òǹtajà ẹ̀rọ géèmù àlòkù kọ́kọ́ rí i. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ọmọge. Kí òǹtajà tó kí i káàbọ̀, ọkàn rẹ̀ ti fà sí ọmọge náà.

"Àǹtí, ẹ yí i padà."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jọ̀ọ́. Bàbá mi ni mo fẹ́ rà á fún. Dókítà ní kí wọ́n máa fi ṣeré, kí ọwọ́ wọn tó rọ lè padà ṣiṣẹ́."

Òǹtajà ta ẹ̀rọ kan fún un tí géèmù ìpẹja wà lórí rẹ̀. "Ẹ má so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì o. Á máa gbóná."

Irọ́ ni. Orúkọ ara rẹ̀ ni òǹtajà fi ra géèmù náà, àṣẹ ìlò rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀rọ kan lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ta àṣẹ kan náà fún oníbàárà mìíràn. Bí ẹ̀rọ bàbá kò bá ti fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì, kò lè mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń lo àṣẹ náà.

Gbogbo Sátidé ni òǹtajà ń lọ kọ́ bàbá ní géèmù. Bàbá ń pè é ní Ọ̀gá Apẹja, ọmọ wọn ń pè é ní "tèmi". Olè ni òun ń pe ara rẹ̀ nínú.

Lọ́jọ́ kan, inú bàbá dùn pé ìka àwọn ti ń tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n bá so ẹ̀rọ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè bá àbúrò wọn tó wà lọ́nà jíjìn díje. Géèmù tì pa. Bí òǹtajà ṣe wọlé, bàbá rọra dìde.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́ má bínú. O kìlọ̀ fún mi, mo sì ti bà á jẹ́."

Àgbàlagbà ń bẹ̀ ẹ́ nítorí irọ́ tóun pa! Bí ilẹ̀ bá lanu ni, ì bá wọlẹ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́, bàbá. Èmi ni. Mo ta àṣẹ kan fún ẹni méjì."

"O jẹ́ kí bàbá mi bẹ̀ ọ́!" Aránṣọ ṣílẹ̀kùn fún un pé kó jáde.

Ó lọ bá oníbàárà kejì, ó jẹ́wọ́ fún òun náà. Ó ta ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ ń lò, ó sì ra géèmù tuntun fún kálukú, ti bàbá ní orúkọ bàbá. Fún oṣù méjì, kò lè gbójú sókè níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

Bàbá ló ránṣẹ́ pè é, wọ́n sì fi òun àti aránṣọ sílẹ̀ ní pálọ̀.

"Ilẹ̀ lò ń wò," ni aránṣọ wí. "Èmi ni kí o wò."

Òǹtajà wò ó, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ṣé o ṣì lè fẹ́ mi, pẹ̀lú ìtìjú tó bò mí yìí?"

"Bí kò bá tì ọ́ lójú ni mi ò bá fẹ́ ọ."